Ìwọ Kọ́ Lo Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Baba Rẹ

Ilé Ìyá Àgbà,
Vavaʻu, Tonga.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Latai, ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, láti inú ilé tí wọ́n bí baba rẹ sí. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó bá ìyá rẹ lórí ìdúró, kí ó sì bá Melaia àbúrò rẹ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti san. Ara ń ro èmi díẹ̀, nítorí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwa obìnrin ń sùn láti ìgbà tí òkú ìyá àgbà ti wọlẹ̀, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́. Òjò ń rọ̀ níbí lójoojúmọ́. Mo gbọ́ pé ní Mildura lọ́dọ̀ yín ní Australia, oòrùn ń jó yín bí ẹni pé ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Mo pè ọ́ títí ó fi sú mi. Ìyá rẹ ló wá sọ fún mi pé o kì í gbé ìpè ẹnikẹ́ni mọ́, pé o kàn ń fi ṣíbí ro oúnjẹ nínú àwo ni, o kì í jẹ ẹ́, àti pé o ti yọra kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ní ohun tí Pesi, ọmọ Manase ìbátan wa, kọ sí ọ lórí fóònù ló fà á. Mo ní kó kà á fún mi. Ohun tó kà nìyí: “Ẹ kú oríire o. Ẹ ti fi owó oúnjẹ yín há baba yín mọ́ Australia, ìyá rẹ̀ sì ti wọlẹ̀ láìfojú kàn án. Ṣé ẹ ti yó báyìí?” Ọmọ mi, ẹ̀rín kọ́ ni irú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀fọ́rí ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù, ẹkún ni yóò gbà á lẹ́nu àwa méjèèjì. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó tì í láti kọ ọ́. Ọkọ Vika aládùúgbò wa ń padà sí Mildura láti wá já àjàrà, òun ni mo fi rán.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìdájí la gbéra láti ilé wa ní Robinvale láti wá sin ìyá àgbà: èmi, baba rẹ, Manase àti ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú pásítọ̀ wa. Jíìpù dúdú tí baba rẹ ń wà yẹn ló gbé gbogbo wa, àwọn ẹní àti àwọn páálí ẹran àgùntàn dídì wà lẹ́yìn. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà. Bó bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìyá wa ni, bí ìyá ṣe máa ń lé e kiri àgbàlá nítorí pé kò fẹ́ wẹ̀. A dé pápákọ̀ òfuurufú, a sì tò sórí ìlà. Baba rẹ ló wà lẹ́yìn gbogbo wa. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò wo tirẹ̀, ó wojú rẹ̀, ó tún wo ìwé náà. Ó ní, “Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan ná.” Baba rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kí ló dé? Àbí mo jọ ọ̀daràn lójú yín ni?” Ọkùnrin àgbàlagbà kan jáde sí i. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, “Ọ̀gá, àṣẹ wà nílẹ̀ pé ẹ kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí. Owó ìtọ́jú àwọn ọmọ yín ló fà á. Wọ́n ti kọ̀wé sí yín lọ́pọ̀ ìgbà.” Baba rẹ ní, “Ìyá mi ló kú. Yàrá òkú ló wà bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.” Ọkùnrin náà ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra. Mi ò lágbára láti jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá. Ẹ gba nọ́ńbà yìí, ẹ pè wọ́n.”

Má rò pé kò dùn mí, Latai. Àbúrò mi tó ń fi èjìká kan gbé ohun tí géńdé méjì ń gbé, òun ló dúró láàárín àwọn tó ń fa báàgì kọjá, tí ojú rẹ̀ rí bíi ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sọ́jà. Manase pariwo láti òdìkejì, “Uaisele, kí ni wọ́n ní o ṣe?” Baba rẹ fi orúkọ ìyá rẹ dá a lóhùn pé, “Lavinia ni! Obìnrin yẹn ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi!” Ọ̀rọ̀ yẹn ni Manase gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó ń pín in kiri bí ẹni tó ń pín ẹ̀pà.

Ilẹ̀kùn wo? O ti tó ẹni tí à ń sọ òtítọ́ fún. Nígbà tí baba rẹ kó jáde nílé yín, Melaia ṣì ń rákò. N kì í dá sí ohun tó tú ìgbéyàwó wọn ká, àwọn méjèèjì ni wọ́n mọ ohun tó wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí ìgbéyàwó bá tú, ọmọ kì í bá a tú. Ìyá rẹ ń to èso sí páálí láti òwúrọ̀, bó bá ṣíwọ́ níbẹ̀ á tún lọ gbá ọ́fíìsì àwọn ẹlòmíràn. Baba rẹ nígbà náà ti ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó lọ sóko àjàrà, ọwọ́ ni wọ́n sì ń san owó rẹ̀ fún un láìsí ìwé, kò sí ibi tí ìjọba lè gbà rí i yọ fún yín. Bí ọjọ́ ìdáwó ọdọọdún bá pé ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè, gbogbo ìjọ á sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí baba rẹ kó ròde, ara yín ló ti bọ́ ọ. Àwọn ìwé tí ìjọba ń kọ sí i, abẹ́ àga ọkọ̀ ló ń tì wọ́n sí. Mo bi í nígbà kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ó máa sú wọn.” Kò sú wọn. Àwọn ni wọ́n sì pinnu fúnra wọn pé ẹni tó lè san tí kò san, kò ní rìnrìn àjò. Ìyá rẹ kò bá wọn sọ ọ́. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà lórí rẹ̀ títí mo fi pè é.

Mo ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ baba rẹ ní pápákọ̀ òfuurufú yẹn nígbà tó na fóònù sí mi, ó ní, “Ẹ bá mi pè é. Ẹ ní kó yọ ọ́ kíákíá.” Ìyá rẹ gbé e láàárín ariwo ẹ̀rọ níbi iṣẹ́. Mo sọ fún un. Ó ní, “Àǹtí Kalo, èmi kọ́ ni mo fi sí i, mi ò sì lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n wo ohun tí mo lè ṣe.” Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó kúrò nídìí iṣẹ́, ó lọ jókòó sínú mọ́tò gbígbóná, ó sì ń pe ọ́fíìsì tó ń gba owó ìtọ́jú ọmọ náà títí ẹnìkan fi dá a lóhùn. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ọkùnrin tó fi í sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣàánú, kí wọ́n jẹ́ kó lọ sin ìyá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò sanwó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn fún un. Mo mọ̀ pé kò sọ ìyẹn fún ọ.

Ohun tí Pesi kò sì sọ fún ọ, bóyá torí pé Manase kò sọ ọ́ fún òun náà, nìyí: wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ìyá rẹ. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n pe baba rẹ. Wọ́n ní kó fi ohun kan tó níye lórí dógò pé òun yóò padà, kó sì ṣàlàyé bí yóò ṣe máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀, àwọn yóò fún un láyè kó lọ sìnkú kó sì padà wá. Jíìpù yẹn nìkan tó. Ọkọ̀ òfuurufú mìíràn sì wà tó lè gbé e dé bá wa kí a tó gbé òkú jáde. Nígbà tí mo balẹ̀ sí Nukuʻalofa, olú-ìlú Tonga, mo sáré pè é. Mo ní, “Ṣé o ti kó ìwé ọkọ̀ fún wọn?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé olè ni mí ni? Kí n fi ohun tí mo fi òógùn ojú mi rà dógò kí n tó sin ìyá tó bí mi? Káwọn ọmọ iṣẹ́ mi wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lóko pé wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ ọ̀gá?” Mo ní, “Uaisele, màmá ni o!” Ó ní, “Mi ò fi dógò.” Ó sì pa fóònù náà. Ilẹ̀kùn ṣí, ọmọ mi. Ẹni tí wọ́n ṣí i fún ni kò dìde.

A sin ìyá àgbà nílẹ̀ ìsìnkú etí òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin ti fọ òkúta wẹ́wẹ́ títí wọ́n fi ń dán, a sì tò wọ́n sórí iyanrìn funfun tó bo sàréè náà. Ibi tó yẹ kí baba rẹ dúró sí nídìí pósí, ọmọ Manase kan tó ń gbé níbí ló dúró síbẹ̀. Nígbà tí a padà sílé, tí a ń jẹun, ni Manase gbẹ́nu sókè. Ó ní, “Irú obìnrin wo nìyí? Ìyá yìí tẹ́ ẹní fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ nínú ilé yìí. Òun ló wá há ọmọ ìyá mọ́lé lọ́jọ́ òkú ìyá! Kò ní í rójú rere!” Àwọn kan ń ṣe họ̀ọ́, àwọn kan ń mi orí.

Mo dìde pẹ̀lú ẹní ọ̀fọ̀ tí mo ró bí ìró dé àyà. Mo ní, “Manase, kọ́kọ́ gbé ẹran ẹnu rẹ mì, kí ohun tí mo fẹ́ sọ má baà há ọ lọ́fun.” Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹ̀yin Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́.” Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láìbo ọ̀kan, títí dórí jíìpù. Mo ní, “O ti ń jókòó sínú mọ́tò yẹn láti ìgbà tó ti rà á. Ǹjẹ́ o bi í rí pé, ‘Uaisele, àwọn ọmọ ńkọ́?’ ” Ó ní, “Kalo, ọ̀rọ̀ òkú la wà o.” Mo ní, “Òkú ti wọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ alààyè ló kù.” Pásítọ̀ wa ńkọ́? Inú àwo rẹ̀ ló ń wò, ó ń fi ìka ti egungun ẹja síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bóyá ó ń rántí àtẹ́wọ́ tí wọ́n máa ń pa lọ́jọ́ ìdáwó.

Lásìkò tí a ń sìnkú, àwọn ará wa ní Robinvale kóra jọ sí gáréèjì kan, wọ́n ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe ń fi fóònù ya á ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní nígbà tí a fẹ́ sọ pósí kalẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Àwòrán náà dúró gbagidi. Baba rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì lu ara ògiri, ó ń ké pé, “Ẹ jẹ́ n rí i! Ẹ jẹ́ n rí i!” Kò sí ọkùnrin kankan tó mọ ohun tí òun lè ṣe. Ẹni tó dìde lọ dì í mú ni ìyá rẹ. Ó sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn pé iṣẹ́ lòun ń lọ. Ìkòkò oúnjẹ ló gbé lọ fún àwọn ọlọ́fọ̀, ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin tí kò dá kíkí rẹ̀ lóhùn. Kò bá baba rẹ sọ ohunkóhun. Ó kàn dì í mú títí ó fi dákẹ́, ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ sílé. Ẹ̀mí mi kì í gbé e tí mo bá rántí.

Ohun tó kù yìí, èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n títí di ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí baba rẹ wá sílé kẹ́yìn fún àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ́ tánkì omi òjò ńlá fún ìyá àgbà, onísìmẹ́ńtì, ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ òun gàdàgbà sí i lára. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sídìí rẹ̀ láti bu omi fọ ìkòkò. Vika yọjú láti àgbàlá tirẹ̀, ó ní, “Ṣé inú ìyẹn lẹ ti fẹ́ bù ú? Màmá ò mu níbẹ̀ rí.” Mo ní kí ló ń wí. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, ọ̀dọ̀ òun ni ìyá àgbà ti ń wá pọnmi, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn, tí yóò sinmi lábẹ́ igi máńgòrò kó tó dé ilé. Vika ní òun bi í pé, “Màmá, ọmọ yín kọ́ tánkì, ẹ sì ń jìyà?” Ìyá àgbà dá a lóhùn pé, “Mo bi Uaisele pé kí ló ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní ìyá wọn ń ṣiṣẹ́. Omi àwọn ọmọ-ọmọ mi ló wà nínú nǹkan yẹn. Kò lè gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá.”

Mo gbé e lọ́kàn, mo gbé e bọ̀, ṣé kí n sọ ọ́ fún baba rẹ ni àbí kí n fi sínú. Mo pè é níkẹyìn. N kò bá a jà. Mo kàn sọ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn fún un, àti ti igi máńgòrò. Ó ní, “Títí tó fi kú?” Mo ní, “Títí tó fi kú.” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé nítorí mọ́tò ni mo…” Kò lè parí rẹ̀. Àwa méjèèjì di fóònù mú láìsọ̀rọ̀, mo sì ń gbọ́ ẹ̀mí rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Ó ti ta jíìpù náà. Ọwọ́ ọ́fíìsì yẹn ni owó rẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ, òun ló bi mí pé ṣé mo mọ ibi tó ti wá. Baba rẹ ti lọ bá wọn fúnra rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa yọ ìyókù nínú owó iṣẹ́ òun, torí ó ti gba iṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn nínú oko ọsàn, níbi tí ìwé ti wà fún owó tí wọ́n ń san. Wọn kò tíì mú àṣẹ yẹn kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ní kó máa san ná, kí àwọn rí i. N kò dá wọn lẹ́bi, èmi náà ń wò ó. Ẹni tó sunkún lónìí lè gbàgbé lọ́la. Ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ wá kí yín, ẹ̀rù rẹ ló sì ń bà á ju ẹ̀rù ìjọba lọ.

Gbọ́ mi báyìí. Nínú ẹ̀yà wa, ẹ̀gbọ́n baba tó jẹ́ obìnrin ló ga jù lórí ọmọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀ lórí rẹ, baba rẹ pàápàá kò gbọdọ̀ yí i padà. Mo sọ ọ́ pé ọwọ́ rẹ mọ́. Ìwọ àti Melaia kò há ẹnikẹ́ni mọ́ ibì kankan. Kí ọmọ jẹun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí ìyá rẹ̀ sì béèrè oúnjẹ fún un kì í ṣe ìwà ìkà. Bí baba rẹ bá kanlẹ̀kùn, tí ọkàn rẹ bá fẹ́, jẹ́ kó wọlé. Bí ọkàn rẹ kò bá tíì gbà, jẹ́ kó dúró síta kó yá oòrùn díẹ̀, kò ní pa á. Ṣùgbọ́n má ṣe gbà á wọlé nítorí pé o rò pé o jẹ ẹ́ ní òkú ìyá rẹ̀. O kò jẹ ẹ́. Ní ti Pesi, má fèsì. Mo ń padà bọ̀, èmi ni yóò fèsì.

Jẹun, ọmọ mi. Padà sáàárín àwọn akọrin, wọ́n ní ohùn àwọn obìnrin ti gbẹ láti ìgbà tí o ti kúrò níbẹ̀. Kí Ọlọ́run tó gba ìyá àgbà sí ìsinmi fọwọ́ tútù kàn ọ́ láyà. Kí ìdánwò tó wà níwájú rẹ nílé ẹ̀kọ́ rọrùn fún ọ. Kí ẹsẹ̀ Melaia le. Kí ìyá yín jẹ èrè òógùn rẹ̀ lára ẹ̀yin méjèèjì, kí ó sì pẹ́ kó tó fi yín sílẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n baba rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Kalolaine.

Àfikún: Nígbà tí a ń kó ẹrù ìyá àgbà jáde, a bá ẹní kan tí kò tíì hun tán lẹ́yìn ibùsùn rẹ̀. Vika ní tìrẹ ni, fún ọjọ́ tí o bá parí ilé ẹ̀kọ́. Èmi àti Vika ti ń hun ìyókù rẹ̀ láàárọ̀, n ó sì gbé e wá fún ọ. Ọwọ́ wa kò mọ́ tó tirẹ̀, wàá rí i. Mo fi òwú pupa kan sàmì síbi tí ọwọ́ ìyá àgbà dúró sí, kí o lè mọ̀ ọ́n.